Alágbàfọ̀ tí Ó Di Ọ̀jọ̀gbọ́n: Ìtàn George Washington Carver

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ George Washington Carver, ọkùnrin dúdú ará Amẹ́ríkà nì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀pà. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn rẹ̀ a máa yára dé orí ẹ̀pà náà. Èmi kò ní yára débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ó ṣe rí owó ilé-ìwé san. Kò ní ìyá, kò ní baba. Ó kúrò ní ìpínlẹ̀ tí a bí i sí, ó la ìpínlẹ̀ kejì kọjá, ó dé ìkẹta kí ó tó rí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó gbà á wọlé. Nígbà tí ó sì wọlé tán, kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún ní láti ṣí lọ sí òmíràn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn lákọ̀tun.

Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó dìde láti sọ pé ọmọ kan nínú ìjọ rí ààyè sí yunifásítì ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé owó tí yunifásítì ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ àlejò a máa ju ti ọmọ onílé lọ. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìtàn yìí kàn wá. Ó tún kàn wá ní ọ̀nà mìíràn: ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó gbé e ró.

A kò mọ ọjọ́ tí a bí i. Nǹkan bí ọdún 1864 ni, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà, ní oko kan nítòsí ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Diamond ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, Mary ni ó ń jẹ́. Àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun kan, Moses Carver, ni ó rà á ní ọdún 1855 ní 700 dọ́là. Baba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún un nígbà tí ó dàgbà, jẹ́ ẹrú ní oko aládùúgbò, ó sì kú nínú jàǹbá kí ọmọ náà tó mọ ojú rẹ̀.

Ìkókó ni George ṣì jẹ́ nígbà tí àwọn ajínigbé wá ní òru, tí wọ́n gbé ìyá àti ọmọ sá lọ sí ìhà Arkansas. Moses Carver rán ọkùnrin kan tẹ̀lé wọn. Ọmọ nìkan ni ọkùnrin náà rí gbà padà, ikọ́ sì ń yọ ọmọ náà lẹ́nu tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹṣin kan ni Moses Carver fi san án fún iṣẹ́ náà. Ní ti Mary, ẹnikẹ́ni kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ọmọ kan wà láyé tí wọ́n fi ẹṣin rà padà, kò sì mọ ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí.

Susan, ìyàwó Moses Carver, kò bímọ. Òun ni ó tọ́ George àti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ara Jim le, ó ń bá Moses ṣe iṣẹ́ oko. Ara George kò le, nítorí náà Susan fi í sọ́dọ̀ nínú ilé. Ó kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, aṣọ lílọ̀, ìránṣọ àti kíróṣé. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọmọ náà a wọ inú igbó lọ kó ewéko jọ, títí àwọn aládùúgbò fi ń gbé òdòdó tí ó bá ń rọ wá fún un kí ó bá wọn tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì wà láàárín wa tí ń lé ọmọkùnrin jáde kúrò ní ilé ìdáná. Kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ìyókù ìtàn yìí, nítorí iṣẹ́ tí Susan kọ́ ọ yìí gan-an ni owó ilé-ìwé rẹ̀ ti jáde wá.

Ogun parí, ẹrú gba òmìnira, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó wà nítòsí oko náà kò gba ọmọ dúdú. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 12, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Neosho, tí ó jìn tó nǹkan bí máìlì 8, nítorí pé ilé-ìwé ọmọ dúdú wà níbẹ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú náà. Ilé Andrew àti Mariah Watkins, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé náà, ni ó wọ̀ sí. Èèyàn dúdú ni wọ́n, wọn kò sì ní ọmọ. Agbẹ̀bí ni Mariah, ó sì tún ń fọṣọ fún àwọn ènìyàn gbowó. Nígbà tí ó bi ọmọ náà ní orúkọ, ó dáhùn bí ọmọ ẹrú ti máa ń dáhùn, pé George ti Carver ni òun. Mariah sọ fún un pé láti ọjọ́ náà lọ, George Carver ni kí ó máa jẹ́.

Mariah kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá lu aago ìsinmi nílé-ìwé, George a fo ọgbà padà wá sílé, a bá a fọṣọ díẹ̀, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí aago tó tún lù. Ó kọ́ ọ ní ewé tí a fi ń wo àìsàn. Ó mú un lọ sí ìjọ African Methodist Episcopal ní ọjọ́ ìsinmi. Ó fún un ní Bíbélì kan, Bíbélì náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tí ìmọ̀ olùkọ́ ilé-ìwé Neosho tán, ọmọ náà kò jókòó. Ó bá àwọn tí ń ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ Kansas rìn.

Èmi yóò yára kọjá ní Kansas, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lò tó ọdún 10 níbẹ̀. Ní ìlú Fort Scott, ní oṣù kẹta ọdún 1879, ojú rẹ̀ ni àwọn èrò ṣe wọ́ ọkùnrin dúdú kan jáde láti inú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n pa á láìdájọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sá kúrò nílùú náà. Ní Olathe, ó gbé lọ́dọ̀ obìnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Lucy Seymour àti ọkọ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni òun náà, ó sì bá wọn ṣí lọ sí ìlú tí wọ́n ń pè ní Minneapolis, ti Kansas. Níbẹ̀ ni ó ti dá iṣẹ́ àgbàfọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń lọ sí ilé-ìwé gíga. Níbẹ̀ náà ni lẹ́tà rẹ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ń jẹ́ George Carver, ni ó bá fi W sí àárín orúkọ rẹ̀. Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní ọdún 1883, àrùn ṣànpọ̀nná ni ó pa á. Kò ku ẹbí kankan fún un mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1885, ó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ó wà ní Highland, ní Kansas kan náà. Wọ́n fèsì pé àwọn gbà á. Ó ta ohun tí ó ní, ó wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n rí i pé dúdú ni, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ẹ rò ó wò: owó ọkọ̀ ti tán, ilé tí ó ti jáde kò sí mọ́, kò sì sí baba tí yóò kọ̀wé sí. Ó bá àwọn ará Highland ṣe iṣẹ́ ilé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ gba ilẹ̀ ìjọba ní ìwọ̀-oòrùn Kansas ní ọdún 1886. Ó fi erùpẹ̀ oníkoríko kọ́ ilé fún ara rẹ̀, ó sì ń dá oko. Ọ̀dá àti yìnyín kò jẹ́ kí oko náà dára. Ó yá 300 dọ́là ní báńkì, nígbà tí ó sì yá, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ìpínlẹ̀ Iowa lọ.

Àwọn kan a máa sọ pé ìyà ni ó sọ Carver di ènìyàn. Èmi kò gba èyí. Ìyà kò fi ohunkóhun kún un. Ó kàn gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ tí ó yẹ kí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó kù díẹ̀ kí ó di ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó wọlé. Ẹni tí ó ti kọ́ ọmọ rí mọ bí ọdún tí ó bá ti lọ ti ṣòro láti rí gbà padà.

Ní Winterset, ní Iowa, ó ń se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ó tún padà sí iṣẹ́ àgbàfọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó wà ní ẹ̀yìn nínú ilé ìjọsìn, ó ń kọrin. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Helen Milholland gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì rán ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ dókítà, kí ó lọ pè é wá sílé. Báyìí ni alágbàfọ̀ dúdú ṣe di ẹni tí ń wọlé tí ń jáde ní ilé dókítà aláwọ̀ funfun. Ìyáàfin Milholland ń kọ́ ọ lórin, òun náà ń kọ́ Ìyáàfin náà ní àwòrán yíyà. Lójoojúmọ́ ni tọkọtaya yìí ń sọ fún un pé kí ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ń kọ̀. Ó bẹ̀rù pé wọn yóò tún lé òun lẹ́nu ọ̀nà bíi ti Highland. Wọn kò fún un lówó o. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò dákẹ́. Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Indianola, tí kò jìnnà, tí kì í wo àwọ̀ ènìyàn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni Simpson College. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Simpson pè é, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ààrẹ Abraham Lincoln, tí ó sì wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1890, wọ́n kọ orúkọ Carver sínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Òun nìkan ni ọmọ dúdú tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tí ó san owó ilé-ìwé tán, sẹ́ǹtì 10 ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi sẹ́ǹtì 5 ra ìyẹ̀fun àgbàdo, ó fi sẹ́ǹtì 5 ra ọ̀rá màlúù. Ohun tí ó jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn. Inú ahéré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé ni ó ń sùn. Ó ra ọpọ́n ìfọṣọ, pákó tí a fi ń gbo aṣọ, ọṣẹ àti sítáàṣì láwìn, ó sì ń retí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó aṣọ wá. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ibí yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kó aṣọ wá a máa jókòó bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń fọ̀ ọ́, orí àpótí ni wọ́n sì ń jókòó, nítorí pé kò sí àga. Wọ́n rí i pé kò sí tábìlì, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n sì ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fún un lówó, kò ní gbà á, nítorí pé kì í gba ọrẹ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni ó ń fẹ́. Nítorí náà, wọ́n dá owó jọ láàárín ara wọn. Nígbà tí ó wà nínú kíláàsì, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti àga wọ inú ahéré náà. Nígbà tí ó dé, ó bi gbogbo wọn ní ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó mọ nǹkan kan. Nígbà mìíràn, a bá owó díẹ̀ tàbí tíkẹ́ẹ̀tì orin kíkọ tí wọ́n tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kò mọ ẹni tí yóò dá a padà fún.

Ọmọdé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n lò ga ju ti ọ̀pọ̀ àwa àgbà lọ. Nígbà mìíràn, bí a bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ìjọ, a ó pè é jáde síwájú pẹpẹ, a ó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé owó lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì ka iye rẹ̀ sétí gbogbo ìjọ. Mo ti rí ọmọ tí ó sunkún lórí èyí, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀.

Ní Simpson, àwòrán ni Carver fẹ́ kọ́. Omidan Etta Budd ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní àkọ́kọ́, kò dá a lójú pé ọkùnrin yìí lè ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Ìyáàfin Liston, obìnrin kan nílùú náà, ìyẹn sì di ìyá fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dun Omidan Budd lọ́kàn. Ó mọ̀ pé nínú ayé ìgbà náà, bóyá ni ọkùnrin dúdú yóò fi lè fi àwòrán jẹun. Ó sì ti rí i pé àwọn òdòdó tí Carver ń yà, ó mọ̀ wọ́n láti gbòǹgbò dé ewé, ó tilẹ̀ mọ bí a ti ń fi ẹ̀ka igi kan lẹ̀ mọ́ òmíràn. Baba Omidan Budd jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ Iowa tí ó wà ní Ames, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Iowa State University. Omidan náà gbà á ní ìmọ̀ràn kí ó fi Simpson sílẹ̀, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ames.

Ìmọ̀ràn yìí le fún un. Ní Simpson ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá a lò bí ènìyàn, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà àgbàfọ̀ rẹ̀ wà, àwòrán sì ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ṣùgbọ́n ó ronú pé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rẹ̀ ní ìhà gúúsù, ilẹ̀ wọn sì ti gbó. Ní ọdún 1891, ó di ẹrù rẹ̀ lọ sí Ames. Olùkọ́ náà kò sì fi ìmọ̀ràn lásán rán an lọ. Ó rí i pé baba òun mọ̀ pé ọmọ náà ń bọ̀.

Ohun tí ó bá pàdé ní Ames kò dára. Òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ní ọjọ́ tí ó dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan bú u. Kò sí yàrá fún un nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ni wọ́n bá fi ọ́fíìsì kan tí wọn kò lò mọ́ ṣe ibùsùn fún un. Wọn kò jẹ́ kí ó jẹun pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù; ìsàlẹ̀ ilé, láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n ní kí ó ti máa jẹun.

Ìròyìn dé Indianola. Ìyáàfin Liston kò kọ̀wé ẹ̀sùn, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù lọ, ó dé fìlà, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ames. Ó bá Carver rìn káàkiri ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ojúmọmọ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó, àwọn ọ̀gá fẹ́ kí ó wá bá àwọn jókòó lórí tábìlì tiwọn. Ó kọ̀, ó bá Carver sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì jẹun láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fún un. Owó ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo ohun tí obìnrin yìí ná. Nínú gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí Carver rí gbà, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ní ti owó, iṣẹ́ ni ó ṣe. Ó gbálẹ̀, ó gbé oúnjẹ fún àwọn tí ń jẹun, ó tọ́jú ewéko nínú ilé onídígí, ó bá àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ́ ara. Ó ń ṣa kúkúrú pẹ́ńsù tí àwọn ẹlòmíràn ti jù nù láti fi kọ̀wé. Síbẹ̀ ó ń kópa nínú ìpàdé àdúrà, ó sì di ọ̀gágun láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ ológun. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Wilson, tí ó wá di mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1897, máa ń bá a gbàdúrà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Louis Pammel ni ó kọ́ ọ ní ìmọ̀ nípa ewéko àti àrùn wọn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1892, wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ àwòrán ní Cedar Rapids. Carver ní àwòrán, kò ní owó ọkọ̀, kò sì ní aṣọ tí ó lè wọ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí ìsọ̀ aláṣọ bí eré bí eré, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ra kóòtù àti ṣòkòtò tuntun fún un, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Kò rí ọ̀nà kọ̀ ọ́. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀, ti òdòdó ilẹ̀ gbígbẹ kan tí ń jẹ́ yucca, lọ sí ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Chicago ní ọdún 1893, wọ́n sì yìn ín níbẹ̀.

Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1894. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jẹ́ kí ó lọ. Wọ́n gbà á síṣẹ́, ó di olùkọ́ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gba oyè kejì ní ọdún 1896. Ọdún náà ni Booker T. Washington kọ̀wé sí i láti Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, pé kí ó wá máa darí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé àwọn ènìyàn dúdú tí òun dá sílẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ yóò jẹ́ 1,000 dọ́là lọ́dún. Ó gbà.

Iṣẹ́ Tuskegee ni ẹ̀yin ti mọ̀. Kò bá ohun èlò kankan. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣa ìgò àti agolo ní ààtàn láti fi ṣe yàrá ìwádìí. Òwú tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún ti pa ilẹ̀ kú. Ó kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún gba ipò òwú kí ilẹ̀ lè jí. Ní ọdún 1906, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀kọ́ náà lọ bá àwọn àgbẹ̀ tí kò lè wá sí ilé-ìwé. Ní 1916, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó sọ ọ̀nà 105 tí a lè gbà lo ẹ̀pà fún oúnjẹ. Ní 1921, ó lọ bá ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀pà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún un, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi kún un nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun ni ó kọ́kọ́ lọ ẹ̀pà di ohun tí a ń fi jẹ búrẹ́dì, kì í ṣe òótọ́. Ó ti wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 47 ni ó fi ṣiṣẹ́ ní Tuskegee. Kò gbéyàwó. Nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ni òun náà ń gbé, kóòtù ògbólógbòó ni ó ń wọ̀, pẹ̀lú òdòdó tuntun ní àyà rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó ń ṣe kíróṣé tí Susan kọ́ ọ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé ìwé sọ̀wédowó oṣù rẹ̀ a máa wà nínú dúrọ́ọ̀ láìgbà á ní báńkì. Ó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó wọn kò pé lọ́wọ́, kì í sì í sọ ọ́ síta.

Simpson College kò gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1928, wọ́n fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Iowa State náà fún un ní ti tirẹ̀ ní ọdún 1994, nígbà tí ó ti kú tipẹ́.

Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn, ó kó owó tí ó ti fi pamọ́ sílẹ̀ fún àjọ kan tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, kí àwọn ọ̀dọ́ dúdú lè máa rí ibi ṣe ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí a ṣírò gbogbo rẹ̀, ó tó nǹkan bí 60,000 dọ́là. Ó kú ní ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 1943, ní Tuskegee, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Booker T. Washington. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà sọ oko Moses Carver ní Missouri di ilẹ̀ ìrántí fún un, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn dúdú ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ènìyàn ṣì ń lọ wò ó, wọ́n sì ń rí ibi tí ilé kékeré wà, níbi tí wọ́n ti gbé Mary àti ọmọ rẹ̀ lọ ní òru.